Ìwé Owena Bank tí bàbá wa fi sílẹ̀: ọwọ́ ta ni owó inú rẹ̀ wà báyìí?

Abẹ́nì Àdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Inú fáìlì tí wọ́n kó ìwé ilẹ̀ sí la ti rí ìwé báńkì kan, ti Owena Bank. Òǹtẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ jẹ́ ti 1996, iye tí wọ́n sì kọ pé ó kù jẹ́ ₦18,400. A tún rí tẹ́là Afribank kan tí wọ́n fi san owó ní 2004. Orúkọ bàbá ló wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì sì hàn ketekete.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní báńkì méjèèjì ti kógbá sílé, pé kí n má da ara mi láàmú. Èmi ò gbà. Tíṣà ni bàbá wa, òógùn ojú wọn ni owó yẹn. Tí báńkì bá kógbá sílé tàbí tó yí orúkọ padà, ọwọ́ ta ni owó oníbàárà ń wà? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Ọkùnrin kan tiẹ̀ ti pè wá, ó ní òun ní èèyàn nínú báńkì, kí a kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù fún òun. A ò tíì dá a lóhùn.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Abẹ́nì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má sọ ìwé kankan nù o. Iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí àwọn báńkì ń dàpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n to ìran àwọn báńkì méjèèjì yìí fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ ìran báńkì rẹ̀ kò lè mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn.

Ní oṣù keje 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN, báńkì àgbà Nàìjíríà, nígbà náà kéde pé gbogbo báńkì gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà owó ìpìlẹ̀ kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà yẹn; nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Owena ti di Omega Bank kó tó dìgbà náà. Omega, Citizens International, ACB International, Guardian Express, Fountain Trust àti Trans International ló wá para pọ̀ di Spring Bank. Ní oṣù kẹjọ 2011, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Spring, Afribank àti Bank PHB. NDIC, àjọ tó ń dójú tòfò owó tí aráàlú fi sí báńkì, dá báńkì tuntun mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n kó owó àwọn oníbàárà sínú wọn: ti Spring bọ́ sínú Enterprise, ti Afribank sínú Mainstreet, ti Bank PHB sínú Keystone. Lẹ́yìn ìyẹn, Heritage ra Enterprise, Skye ra Mainstreet. Skye di Polaris ní oṣù kẹsàn-án 2018. Ní ti Heritage, CBN gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024.

Nítorí náà, Polaris ni kí ẹ gbé tẹ́là Afribank yẹn lọ. Ti Owena, NDIC ni, torí àwọn ló ń palẹ̀ Heritage mọ́.

Owó tí ẹ bá fi sí báńkì, gbèsè ni báńkì jẹ yín. Ẹni tó bá ra báńkì ti ra gbèsè yẹn mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí owó kì í fi í bá orúkọ báńkì lọ.

Ọkùnrin tó pè yín yẹn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Àlàbí Ọ̀dàn

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa to àwọn yòókù náà? Ìyá ìyá mi ní ìwé National Bank, àbúrò bàbá mi ní ti Intercontinental.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

National Bank wọ inú Wema ní 2005, ẹ̀ka Wema èyíkéyìí tó bá súnmọ́ yín ni kí ẹ lọ. Intercontinental wọ inú Access. Diamond náà wọ ibẹ̀ ní 2019. Gateway Bank tí àwọn ará Ògùn mọ̀ dáadáa, Intercontinental ló gbà á wọlé, torí náà Access náà ni. Oceanic di Ecobank, FinBank di FCMB, Equitorial Trust di Sterling. Standard Trust àti UBA dàpọ̀, orúkọ UBA ló kù. Trade Bank náà bọ́ sọ́wọ́ UBA lẹ́yìn tí CBN gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 2006. Co-operative Bank, Prudent, Bond, Reliance àti EIB ló di Skye, Polaris sì ni Skye lónìí.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí àwọn ọmọ yín ti lè rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mi ò fẹ́ kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá Abẹ́nì o, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ₦18,400 tọdún 1996, kí ló kù nínú rẹ̀ lónìí? Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lè jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n yín lè ní ìdí tó fi sọ ohun tó sọ.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Òótọ́ ni pé náírà tọdún yẹn kọ́ la ń ná lónìí, kò sì sí ẹni tó máa san ìyàtọ̀ yẹn fún yín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa ìwé báńkì àtijọ́, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí fi sọ́kàn.

Iye tó wà ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ẹ̀rí iye tó kù nínú àkáǹtì. Ó kàn jẹ́ ẹ̀rí pé àkáǹtì wà, pé iye yẹn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀wé báńkì fi ọwọ́ kọ ọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ báńkì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka dẹ́kun kíkọ nǹkan sínú ìwé yẹn. Àkáǹtì ń bá iṣẹ́ lọ, owó oṣù ń wọlé, èèyàn ń fi tẹ́là sanwó, ìwé sì wà nínú àpótí pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọdún tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Mo rí àkáǹtì tí ìwé rẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan hàn tí owó inú rẹ̀ sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mo tún rí òdì kejì rẹ̀, tí ẹni tó ni ín ti kó owó jáde tán kó tó kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde láti ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn wá. Kí ẹ má kàn béèrè pé èló ló kù.

Abẹ́nì, ṣé ẹ mọ báńkì tí wọ́n ń san owó oṣù bàbá sí kí wọ́n tó fẹ̀yìntì?

Abẹ́nì Àdó

Mo bi Màmá. Wọ́n ní Owena ni wọ́n ń san owó oṣù sí, pé nígbà tí ó di Omega ibẹ̀ náà ni. Bàbá fẹ̀yìntì ní 2003. Màmá rántí pé owó ìfẹ̀yìntì wọn wá lápá lápá, pé wọ́n ná èyí tó kọ́kọ́ wọlé sórí ilé. Wọn ò mọ̀ nípa èyí tó kù. Mo ti ka èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́.

Lọ́yà Moyọ̀

Ẹ kú àjọṣe ẹbí. Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ ogún ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé bàbá kọ ìwé ìhágún? Tó bá wà, àwọn tí wọ́n yàn sínú rẹ̀ ni yóò lọ gba probate, ìyẹn ìwé tí kóòtù fi ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún. Tí kò bá sí, ẹbí yóò lọ gba Letter of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún olóògbé, ní ẹ̀ka probate ti kóòtù gíga ìpínlẹ̀. Láìsí ọ̀kan nínú méjèèjì, kò sí báńkì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó owó olóògbé fún yín, bẹ́ẹ̀ náà ni NDIC.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń jà lórí next of kin. Wọ́n gbà pé ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sí ààyè yẹn ní fọ́ọ̀mù báńkì ló jogún owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin wa. Ẹni tí báńkì máa kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ, ìyàwó, gbogbo ẹni tí òfin tàbí àṣà ìpíngún bá fún ní ẹ̀tọ́ ló ní ìpín níbẹ̀, yálà orúkọ wọn wà lórí fọ́ọ̀mù tàbí kò sí.

Ní ti bí ẹ ṣe máa tò ó: ẹ má sáré lọ gba Letter of Administration lórí ilé nìkan. Mo ti rí ẹbí tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wá rí àkáǹtì lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì ní láti padà sí kóòtù kí wọ́n tún san owó. Ẹ kó gbogbo dúkìá jọ ná.

Ẹ ó sọ pé báńkì ò ní sọ iye tó wà nínú àkáǹtì olóògbé fún yín, báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí ẹ máa kọ sí ìwé? Ẹ̀ka probate ní fọ́ọ̀mù kan fún ìyẹn, bank certificate là ń pè é. Ẹ ó gbé e lọ sí báńkì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú, báńkì yóò kọ iye tó wà níbẹ̀ sí i, yóò buwọ́ lù ú, yóò lu òǹtẹ̀, ìwé náà yóò sì padà sí kóòtù. Iye yẹn ni wọ́n máa fi ṣírò owó kóòtù. Ìwé ẹ̀rí ikú ti National Population Commission ni kí ẹ lò. Èyí tí ọsibítù kọ nìkan kì í tó.

Àkànní Olóòótọ́

Gbogbo wàhálà yìí ò wúlò. CBN ti kó gbogbo owó tó ti pẹ́ ní báńkì. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 2024. Tí ọwọ́ ìjọba bá ti tẹ owó, ó parí.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Àkànní, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Òfin tí CBN gbé jáde ní oṣù keje 2024 rọ́pò èyí tí wọ́n ṣe ní 2015. Ohun tó sọ ni pé àkáǹtì tí oníbàárà kò bá fọwọ́ kàn fún ọdún kan ti sùn. Tó bá sùn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, báńkì máa fi owó náà ránṣẹ́ sí àpò kan ní CBN tí wọ́n ń pè ní Unclaimed Balances Trust Fund. CBN lè fi owó náà ra treasury bills, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba. Ṣùgbọ́n owó náà ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Tí ẹ bá béèrè rẹ̀, ọ̀dọ̀ báńkì yín náà lẹ máa gbà lọ, báńkì ni yóò kọ̀wé sí CBN. Òfin náà sọ pé CBN gbọ́dọ̀ dá owó padà, pẹ̀lú èlé tó bá wà lórí rẹ̀, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí ìbéèrè bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó ti di ti ìjọba.

Òfin yẹn náà ló pa á láṣẹ pé kí báńkì máa gbé orúkọ àwọn tó ni àkáǹtì bẹ́ẹ̀ síta, lórí ìkànnì wọn àti nínú ìwé ìròyìn. Torí náà kí ẹ tó jáde nílé, ẹ lọ sí ìkànnì báńkì tó ni àkáǹtì yín lónìí kí ẹ wá orúkọ náà. Ẹ gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́: orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ oníbàtísí tàbí ti mùsùlùmí, orúkọ àbísọ, àti àwọn àṣìkọ. Àwọn akọ̀wé báńkì nígbà náà máa ń kọ orúkọ bó bá ṣe dún létí wọn.

Àkànní Olóòótọ́

Mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé òfin yàtọ̀ sí ohun tí èèyàn ń bá pàdé lójú káńtà. Báńkì kan ní kí n máa lọ kí n máa bọ̀ lórí àkáǹtì tèmi fúnra mi. Tí mo bá dé, wọ́n á ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò sí níjokòó.

Ìyá Àdùnní

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ṣé lẹ́tà lẹ kọ ni àbí ẹ kàn ń fẹnu sọ? Èmi náà jìyà rẹ̀ títí ẹnì kan fi là mí lóye. Ẹ kọ lẹ́tà sí mánéjà ẹ̀ka, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Wọ́n á gba ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí èkejì, ẹ mú un lọ sílé. Láti ọjọ́ tí mo ti ní òǹtẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń pè mí fúnra wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni CBN fún báńkì láti yanjú ẹ̀sùn oníbàárà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng. Láìsí òǹtẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n pé ẹ ti lọ sí báńkì rí.

Èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Kí n tó lọ́kọ ni mo ní àkáǹtì ní Co-operative Bank, mo ti rí i báyìí pé Polaris ni. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí rẹ̀, orúkọ ọkọ mi ló sì wà lórí NIN àti BVN mi. Ìwé àkáǹtì náà ti sọnù, ẹ̀ka tí mo ti ṣí i sì ti di ilé ìtajà.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Àkáǹtì kì í bá ẹ̀ka tó palẹ̀ mọ́ lọ, wọ́n máa ń gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka Polaris tó bá súnmọ́ yín.

Ní ti orúkọ, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù pé ẹni kan náà ni orúkọ méjèèjì, àti ojú ewé ìwé ìròyìn tí ẹ fi kéde ìyípadà orúkọ. Tí ẹ bá kéde rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣègbéyàwó, ẹ wá a jáde; tí ẹ ò bá ṣe é rí, ẹ ṣe é báyìí. Fún ìwé tó sọnù, ẹ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ sì búra ní kóòtù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni nọ́ńbà àkáǹtì. Nọ́ńbà oní díjíìtì mẹ́wàá tí a ń lò báyìí kò sí nígbà yẹn, olúkúlùkù báńkì ló ní irú tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá, báńkì kọ ti àtijọ́ mọ́ ti tuntun, wọ́n sì lè fi ọ̀kan wá èkejì. Tí ẹ kò bá ní nọ́ńbà kankan, ẹ kọ ohun gbogbo tó lè yà yín sọ́tọ̀ sínú lẹ́tà: ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé tí ẹ ń gbé nígbà tí ẹ ṣí i, ibi iṣẹ́ yín nígbà náà, orúkọ ẹni tó ṣe onídùúró fún yín tí ẹ bá rántí. BVN bẹ̀rẹ̀ ní 2014, torí náà kò lè tọ́ka sí àkáǹtì tó ti sùn ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni tó bá tẹ BVN yín sí kọ̀ǹpútà tó sì ní ẹ ò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn, ẹ má jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ẹ ní kó fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá a.

Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó jí àkáǹtì, ẹ má san. CBN ti ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni.

Agbowóolówó247

[Alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò.]

Alábòójútó

A ti lé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ òkè yìí jáde. Ó ń ní kí àwọn èèyàn fi BVN, nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà tó ń wọlé sórí fóònù wọn ránṣẹ́ kó lè bá wọn wá owó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì tàbí odindi orúkọ olóògbé síhìn-ín. Àkáǹtì tó ti sùn ni olè fẹ́ràn jù, torí ẹni tó ni ín kò wo ibẹ̀. Ẹ tún má gbà kí ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ báńkì, bá yín jí àkáǹtì lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí ìwé.

Tòkunbọ̀ Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ní àkáǹtì ní Diamond nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo kúrò nílé kó tó di pé BVN dé. Mi ò sì lè wá sílé báyìí. Ṣé àbúrò mi lè bá mi lọ sí Access?

Ṣọlá Toronto

Tòkunbọ̀, BVN ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí láìsí i, tí wọ́n bá tiẹ̀ rí àkáǹtì náà, owó kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, CBN àti NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó BVN, gbé ètò kan síta fún àwa tó wà lókè òkun, NRBVN ni orúkọ rẹ̀, orí ayélujára lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ láìwá sílé. Ibẹ̀ ni mo ti gba tèmi. Owó ni wọ́n ń gbà fún un o, ẹ ka iye náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, kí ẹ sì rí i pé ìkànnì NIBSS gan-an lẹ wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí báńkì láti orí ímeèlì tí ẹ óò máa lò títí. Wọn yóò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Lọ́yà Moyọ̀

Tí àbúrò bá máa lọ dípò yín, ìwé agbára aṣojú ni kí ẹ fún un, èyí tí notary (lọ́yà tó ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé) tàbí ilé aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀ ti fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ kọ ohun tó lè ṣe sínú rẹ̀ pàtó: kó béèrè àkọsílẹ̀, kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé kó gba owó. Kí owó wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mo padà wá tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Bí àkáǹtì Heritage bá ní owó tó pọ̀, ṣé gbogbo rẹ̀ ni NDIC máa san? Mo rántí pé ₦500,000 ni wọ́n máa ń sọ.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

₦500,000 ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni NDIC gbé e sókè sí mílíọ̀nù márùn-ún fún oníbàárà báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Heritage kógbá sílé. Torí náà ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ máa gba gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá lé, ara owó tí wọ́n bá rí nígbà tí wọ́n ta dúkìá báńkì tí wọ́n sì gba gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́ ni wọ́n ti ń san án díẹ̀díẹ̀. Ní 2025 wọ́n kéde ìpín àkọ́kọ́, kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ní BVN àti àkáǹtì ní báńkì mìíràn, NDIC sanwó wọn síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wá. Àwọn tí àkáǹtì wọn ti pẹ́ tí kò ní BVN ló gbọ́dọ̀ lọ fi ara hàn. Abẹ́nì, ẹ kò ní láti dé Àbújá. NDIC ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin àti Benin, ẹ wo èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ mú ojúlówó ìwé Owena dání kí wọ́n lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Àlàbí Ọ̀dàn

Wema ti rí orúkọ ìyá ìyá mi. Wọ́n wà láàyè, àwa la gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kí a mú NIN wọn wá. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń bi akọ̀wé báńkì bóyá mánéjà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Abẹ́nì Àdó

Ẹ kú oríire, Àlàbí.

Mo ti lọ sí Polaris. Àkáǹtì Afribank ṣì wà, wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù bank certificate lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àdùnní ṣe wí. Lẹ́tà ti NDIC náà ti lọ. Nínú fáìlì kan náà, a tún rí ìwé ìpín ìdókòwò tí bàbá rà nígbà tí àwọn báńkì ń ta ìpín ní 2005. Màmá ní kí n béèrè bóyá òun náà wà lára ohun tí a máa kọ.

Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú: ẹ̀gbọ́n mi ò bá wa jà mọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fọwọ́ sí ìwé kóòtù kankan títí òun á fi mọ ẹni tí owó máa wọ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wá. Ṣé a lè tẹ̀ síwájú láìsí i?

Lọ́yà Moyọ̀

Ìwé ìpín wà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ mọ́ dúkìá yòókù. Ẹ wo orúkọ registrar, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ni ìpín, tó wà lórí rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n sọ iye ìpín tó wà lórúkọ bàbá àti owó èrè tí wọn ò tíì gbà. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn ju owó báńkì lọ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, òfin ò sọ pé kí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ alábòójútó ogún, ìyẹn àwọn tí orúkọ wọn máa wà lórí Letter of Administration. Ẹ lè tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀, torí tó bá lọ fi caveat, ìyẹn ìwé àtakò, sílẹ̀ ní ẹ̀ka probate, ìwé yín máa dúró níbẹ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ohun tó ń béèrè tọ̀nà. Ẹ fi orúkọ tirẹ̀ àti ti Màmá kún àwọn alábòójútó, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé owó náà kò ní wọ àpò ẹnikẹ́ni: àkáǹtì tuntun kan ni ẹ ó ṣí lórúkọ ogún bàbá, gbogbo alábòójútó ni yóò máa buwọ́ lu owó tó bá jáde níbẹ̀. Ẹ fi ìwé báńkì yẹn hàn án kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Tó bá gbà, ẹ wá pẹ̀lú fọ́tò pélébé ti alábòójútó kọ̀ọ̀kan, káàdì ìdánimọ̀ wọn, àti àwọn onígbọ̀wọ́ yín. Wọn yóò kéde ìbéèrè yín fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó fún yín ní ìwé, kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí i lè sọ ọ́.